Láti Orí Ọpọ́n Ayò dé Ojú Ẹ̀rọ: Ìtàn Oríṣi Eré Méjì àti Ipò Èdè Wa Nínú Wọn

Ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ kan, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Kambolé, dìde lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sì sọ ìtàn tí wọ́n bá mọ̀ dénú. Ọmọkùnrin kan bọ́ síwájú. Ó sọ ìtàn ọmọ ọba kan tí àna rẹ̀ gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó gorí ìtẹ́, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ sì rìn káàkiri ayé láti wá agbára àwọn baba ńlá wọn, kí wọ́n lè padà wá gba ohun tí ó jẹ́ tiwọn. Ìtàn náà dùn. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ títí ó fi parí. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni ó fi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo ní kí ó tún un sọ ní èdè ilé rẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: “Monsieur, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní èdè wa.”

Ìyá àgbà kọ́ ni ó pa ìtàn náà fún un. Inú eré orí ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Aurion ni ó ti rí i, lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Sokodé. Ilẹ̀ Áfíríkà ni a ti ṣe eré náà, ọmọ Áfíríkà ni ó ṣe é, ogún àwọn baba ńlá sì ni ó dá lé. Síbẹ̀, nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ Kambolé, kò bá a sọ èdè ilé rẹ̀.

Ìtàn àti ìmọ̀ ilẹ̀ ayé ni mo ń kọ́ni, nítorí náà ìtàn irú eré bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí wádìí, ohun tí mo sì rí ni mo fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn àgbà wa a máa sọ pé eré orí ẹ̀rọ ń ba ọmọ jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ a sì dáhùn pé eré lásán ni. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tíì kan ibi tí ó ti ń dùn wá. Eré tí ó lókìkí kọ̀ọ̀kan ní ìlú tí a ti bí i, ìtàn tí ó ti jẹun, àti èdè tí ó kọ́kọ́ sọ. Bí àwa kò bá gbé ìtàn tiwa lọ síbẹ̀, ìtàn ẹlòmíràn ni àwọn ọmọ wa yóò máa mọ̀ dénú.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọpọ́n ayò ní ojú méjìlá, mẹ́fà níwájú òṣèré kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń kó sínú ojú kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 48. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Ọmọdé lè kọ́ ọ ní ọ̀sán kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń ta á láti ogún ọdún ṣì lè rí ohun tuntun nínú rẹ̀ lónìí. Kò sí kádàrá nínú ayò, kò sì sí ohun tí a fi pamọ́: gbogbo ọmọ ayò wà ní gbangba. Bí o bá pàdánù, ìwọ ni o kò ríran jìnnà. Nítorí èyí ni àwọn baba wa fi ní orúkọ fún àwọn òṣèré méjèèjì: ọ̀pẹ ni ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ta, ọ̀ta sì ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta yọrí.

Àlọ́ àpagbè ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹni tí ń gbọ́ àlọ́ kì í panu mọ́. Ó ń gbe orin, ó ń dá apàlọ́ lóhùn, ó sì ń fi ara rẹ̀ sí ipò Ìjàpá tàbí ti ọmọ òrukàn tí ìtàn ń sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohun méjì wọ̀nyí sọ́kàn: ìdánwò tí ń sọ ọ̀pẹ di ọ̀ta, àti ìtàn tí ń mú ènìyàn wọ ẹ̀wù ẹlòmíràn. A ó tún bá wọn pàdé nínú oríṣi eré méjì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Èkíní ni eré pèpéle, èyí tí àwọn ọmọ wa mọ̀ sí jeu de plateforme. Nínú rẹ̀, ènìyàn kékeré kan ń sáré, ó ń fò láti orí pèpéle kan sí òmíràn, ó ń yẹra fún ọ̀fìn àti ọ̀tá. Eré tí ó sọ irú rẹ̀ di olókìkí ni Donkey Kong, tí ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ìlú Kyoto, ní Jàpáánù, gbé jáde ní ọdún 1981. Ẹ kíyè sí i pé ilé-iṣẹ́ yìí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ọdún 1889 ni wọ́n dá a sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni káàdì eré ìbílẹ̀ àwọn ará Jàpáánù, èyí tí wọ́n ya òdòdó sí lára. Àwọn tí ó ti mọ eré àwọn baba wọn ni ó wá ṣe eré ayé tuntun.

Ẹni tí ó ṣe Donkey Kong ni Shigeru Miyamoto. Ní ọdún 1985, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Super Mario Bros. jáde. Gbogbo eré náà kò ju 40 kílóbáìtì lọ. Àwòrán kan ṣoṣo tí a bá fi fóònù yà lónìí tóbi jù ú lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ìbẹ̀rẹ̀ eré náà ni ó wú mi lórí jù lọ. Mario dúró sí apá òsì, apá ọ̀tún sì ṣófo, nítorí náà òṣèré mọ̀ fúnra rẹ̀ pé apá ọ̀tún ni ọ̀nà wà. Láìpẹ́, ẹ̀dá kékeré kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí kò bá fò, yóò kú. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ṣì wà, kò pàdánù ohun kan tí ó tó nǹkan. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, yóò fò. Ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé ohun kan fún un, síbẹ̀ ó ti kọ́ ẹ̀kọ́. Èmi tí mo ń fi wákàtí kan ṣàlàyé ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbàgbé kí wọ́n tó dé ilé, mo bọ̀wọ̀ fún irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀.

Èyí ni mo fi ń wọn eré pèpéle yòówù: ǹjẹ́ ìṣubú rẹ̀ ń kọ́ òṣèré ní nǹkan? Púpọ̀ nínú àwọn eré ọ̀fẹ́ tí ó wà lórí fóònù àwọn ọmọ wa kò yege nínú ìdánwò yìí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ọ̀nà kan kí ó le kọjá ààlà, kí ọmọ lè ṣubú, kí wọ́n sì ní kí ó wo ìpolówó ọjà tàbí kí ó sanwó kí ó tó lè tẹ̀ síwájú. Irú eré bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ kí ọ̀pẹ di ọ̀ta. Ìkùnà ọmọ ni ọjà tí ó ń tà. Bí àwọn òbí bá fẹ́ bínú sí eré orí ẹ̀rọ, ibi tí ó yẹ kí wọ́n bínú sí nìyí.

Oríṣi kejì ni eré ìkópa, tí a mọ̀ sí jeu de rôle. Òṣèré ń kó ipa ẹnì kan nínú ìtàn. Ó ń rin ìrìn àjò, ó ń pàdé ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá, agbára rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Orí bébà ni irú eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1974, ní Amẹ́ríkà, Gary Gygax àti Dave Arneson tẹ Dungeons & Dragons jáde. Bébà, pẹ́ńsùlù àti ẹyọ olójú púpọ̀ tí a ń dà sílẹ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ń sọ ìtàn, àwọn yòókù ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nínú rẹ̀. Ẹ rí i pé apàlọ́ àti agbègbè-orin ni wọ́n tún bá ara wọn pàdé níbẹ̀.

Níbo ni wọ́n ti rí àwọn ẹ̀dá inú eré náà? Láti inú ìwé oríṣiríṣi ni, ọ̀kan nínú wọn sì ni The Hobbit tí J. R. R. Tolkien, ará Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní ọdún 1937. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ eré náà, hobbit wà níbẹ̀ gbangba kí wọ́n tó yí orúkọ náà padà. Ìwé náà ṣì jẹ́ tuntun nígbà tí D. O. Fágúnwà, olùkọ́ ọmọ Òkè-Igbó, tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Ẹ gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú ti Fágúnwà, Àkàrà-oògùn wọ inú igbó tí ó kún fún ẹ̀dá abàmì. Lẹ́yìn náà, ọba rán òun àti àwọn akọni ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkó ń fi kùmọ̀ jà, tafàtafà wà láàárín wọn, Imọ̀dóye ni ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ sì ni olórin. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olúkúlùkù wọn mọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè dá nìkan dé ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe eré ìkópa rí yóò mọ̀ pé bí a ṣe ń to ẹgbẹ́ akọni jọ nìyẹn, ọdún 36 kí Dungeons & Dragons tó jáde.

Èmi kò sọ pé àwọn ará Amẹ́ríkà jí nǹkan wa. Wọn kò mọ̀ ọ́n. Èdè Yorùbá ni a fi kọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ọwọ́ Wọlé Ṣóyínká kò sì jáde títí di ọdún 1968. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwé méjì jáde ní àkókò kan náà. Àwọn ọ̀dọ́ ka ọ̀kan, wọ́n sì sọ ọ́ di eré. Èkejì dúró sínú kíláàsì, a ń fi í ṣe ìdánwò. Ìwé Fágúnwà kò ní àbùkù kan tí kò jẹ́ kí ó di eré. Àwa ni a kò fi ṣeré.

Láti orí bébà, eré ìkópa bọ́ sí orí kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1981, eré méjì jáde ní Amẹ́ríkà, Ultima àti Wizardry. Yuji Horii, ará Jàpáánù, fẹ́ràn wọn. Ó rí i pé wọ́n le jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ìlú rẹ̀, ó sì mú ohun tí ó dára nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi ṣe Dragon Quest ní ọdún 1986. Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí nínú eré náà.

Èkíní ni ti ìṣubú. Bí akọni bá kú nínú Dragon Quest, yóò pàdánù ìdajì owó rẹ̀, yóò sì padà sí ọ̀dọ̀ ọba. Ṣùgbọ́n gbogbo ìrírí tí ó ti kó jọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ṣubú kò pàdánù ohun tí ó ti mọ̀. Ìbá dára bí a bá lè ṣètò ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ wa báyìí, níbi tí ọmọ tí ó kùnà ti ń tún ọdún kan ṣe bí ẹni tí kò kọ́ ohunkóhun rí.

Èkejì ni ti èdè. Eré náà kò ju 64 kílóbáìtì lọ. Èdè Jàpáánù sì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà, èyí tí àyè kò lè gbà. Horii kò tìtorí èyí kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ̀nba lẹ́tà kéékèèké tí àwọn ọmọdé Jàpáánù fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà ni ó yàn, ó dín in kù, ó sì kọ ìtàn rẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀. Kò dúró de ẹ̀rọ tí ó tóbi. Àwọn ọmọ Jàpáánù gba eré náà bí ohun ilé wọn, irú rẹ̀ sì tàn ká ayé lẹ́yìn náà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí Áfíríkà. Ní ọdún 2013, Madiba Olivier àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá Kiro'o Games sílẹ̀ ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù. Iná mọ̀nàmọ́ná a máa lọ, owó kò sì sí; wọ́n kó owó jọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí ó gbà wọ́n gbọ́, díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2015, wọ́n bẹ àwọn ará ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì rí ju 40,000 yúrò lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, Aurion: l'héritage des Kori-Odan jáde. Enzo ni ọmọ ọba inú rẹ̀, Erine ni ìyàwó rẹ̀, Zama ni ìlú wọn. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń jà. Erine kì í ṣe ẹrù tí a ń gbà lọ́wọ́ ọ̀tá. Agbára wọn kò ti inú idà wá, bí kò ṣe láti inú ogún àwọn tí ó ti kú ṣáájú wọn. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú eré náà, ìjà rẹ̀ sì le fún ẹni tí kò ní sùúrù. Síbẹ̀, èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ jinlẹ̀: kí ènìyàn tó lágbára, àfi kí ó mọ ẹni tí ó bí i.

Ṣùgbọ́n èdè Faransé àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ogún náà ń sọ. Èmi kò dá àwọn ará Yaoundé lẹ́bi. Èdè tí ó wà ní Kamẹrúùnù ju igba lọ, ọjà tí wọ́n ń wá sì gbòòrò. Mo kàn ń tọ́ka sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kíláàsì mi: ó gba ìtàn náà tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà tí yóò fi gbé e dé ilé.

Bóyá ẹnì kan yóò sọ pé èdè wa kò lè ṣe é. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Abubakar Salim, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ìran rẹ̀ ti Kẹ́ńyà wá, gbé Tales of Kenzera: ZAU jáde. Eré pèpéle ni. Ó ṣe é nítorí ikú baba rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin inú eré náà bá òrìṣà ikú dá májẹ̀mú kí ó lè rí baba rẹ̀ padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè Swahili. Lóòótọ́, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ni ó gbé owó rẹ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là: òrìṣà, ikú àti ọ̀fọ̀ ti sọ èdè Áfíríkà ní ojú ẹ̀rọ, ayé kò sì parí.

Ti àwa ará Kambolé ní ìṣòro tirẹ̀. Ìlú wa wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Tchamba, lẹ́bàá ààlà Bénin. Àwọn onímọ̀ èdè ka ọ̀rọ̀ ẹnu wa mọ́ ti àwọn ará Manigri tí ó wà ní òdì-kejì ààlà náà, wọ́n sì pè é ní ẹ̀yà kan lára èdè Nàgó. Ọmọ tí ó bá kúrò nílé lọ sí Sokodé yóò bá Tem ní ọjà, yóò bá Faransé ní kíláàsì. Ti ilé rẹ̀ yóò dúró de ìgbà ìsinmi. Ìkọsílẹ̀ pàápàá kò dọ́gba: ní Tógò, ɛ àti ɔ ni a sábà ń kọ, nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ẹ àti ọ ni. Àwọn àmì ohùn tún wà níbẹ̀. Lẹ́tà bí ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní àyè kan ṣoṣo nínú àkójọ lẹ́tà àgbáyé tí àwọn kọ̀ǹpútà ń lò. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ so lẹ́tà àti àmì pọ̀, eré tí a kò bá ṣe dáadáa yóò sì tú wọn ká. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Bí eré bá ní kí ọdẹ lọ mú igbà wá, tí kò sì sí àmì, ẹnì kan yóò mú igbá omi wá, ẹlòmíràn yóò sì máa ka nǹkan títí yóò fi pé igba.

Nítorí náà, a ṣe bí Gygax àti Arneson ti ṣe: a bẹ̀rẹ̀ lórí bébà. Ní ọdún ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀ lé e, mo pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún. Apàlọ́ kan wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́rin yòókù jẹ́ ọdẹ. A kò fi owó ẹyọ ṣeré, nítorí pé àwọn kan lè rò pé awo ni a ń ṣe. Ìlàjì èèpo ẹ̀pà mẹ́rin ni a ń dà sílẹ̀, a sì ń ka iye èyí tí ó ṣí sókè. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni wọ́n ṣàwárí pé méjì ni ó ń jáde jù, mẹ́rin sì ṣọ̀wọ́n. Olùkọ́ ìṣirò fi hàn wọ́n pé bí ojú méjèèjì bá ń ṣí dọ́gba, ọ̀nà mẹ́fà nínú mẹ́rìndínlógún ni méjì lè gbà jáde, mẹ́rin kò sì ní ju ọ̀nà kan lọ.

Àríyànjiyàn tí ó gbóná jù ni ti ohun tí ń sọ ọdẹ di ọ̀ta. Ọmọ kan ní kí a fún ọdẹ ní àmì fún ẹranko kọ̀ọ̀kan tí ó bá pa, nítorí pé báyìí ni wọ́n ń ṣe nínú gbogbo eré tí òun mọ̀. Ọmọbìnrin kan tí bàbá àgbà rẹ̀ jẹ́ ọdẹ kọ̀ ọ́. Ó ní bàbá òun kì í pa aboyún ẹranko, pé ẹni tí ó bá pa ohun gbogbo tí ó rí kì í ṣe ọdẹ, apànìyàn ni yóò dà lọ́la. Wọ́n jiyàn títí agogo fi lù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fẹnu kò pé ọdẹ tí ó mọ èyí tí kò yẹ kí a pa ni yóò gba àmì jù, àti pé ẹni tí kò bá kí àgbà tí ó bá pàdé lọ́nà kò ní rí ọ̀nà náà mọ́. Mo ti ka púpọ̀ nípa eré ìkópa, n kò sì tíì rí èyí tí ìkíni jẹ́ òfin rẹ̀.

Láti kọ òfin wọ̀nyí, wọ́n nílò ọ̀rọ̀. Wọ́n lọ bá àwọn ìyá àgbà ní Kambolé, wọ́n béèrè orúkọ igi, orúkọ ipa ẹsẹ̀ ẹranko, àti oríṣi ìkíni tí ó tọ́ sí ẹni tí ó ti oko dé. Ìwé àjákọ kan kún. Ọmọkùnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ apàlọ́ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ṣì ń ya sí Faransé nígbà mìíràn, pàápàá bí ìjà bá dé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìkẹyìn, ó mú ìtàn ọmọ ọba tí a gba adé lọ́wọ́ rẹ̀ wọ inú igbó wa, ó sì sọ ọ́ dé ìdajì ní èdè ilé rẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi tí àwọn baba ńlá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, ó dúró, ó ní òun yóò kọ́kọ́ lọ bi ìyá àgbà òun bí òkú ṣe ń kí alààyè.

Mo rọ ẹgbẹ́ wa láti gba ìwé àjákọ yìí, kí àwọn àgbà tí ó gbọ́ èdè náà dénú wò ó, kí a fi àmì sí i bí ó ti yẹ, kí a sì tẹ̀ ẹ́ ní èdè méjèèjì fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Kambolé, Tchamba àti Sokodé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí òfin, ìtàn àti ọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí ẹ̀rọ. Kí ọjọ́ náà tó dé, èèpo ẹ̀pà kò wọ́n ní ìlú wa.